Ẹ Yí Gíláàsì Wálẹ̀

Àwọn obìnrin kan wà tó jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti pàdé ọkọ wọn. Àwọn mìíràn pàdé tiwọn lójú agbo ijó, nígbà tí bàtà gíga ń dùn wọ́n lẹ́sẹ̀ tí wọ́n sì ń wá ẹni tí wọn yóò fara tì. Nolvia Euceda ní tirẹ̀, ẹnu ọ̀nà ilé ìgbókùúsí ìlú San Pedro Sula ló ti pàdé Selvin, láàárín àwọn tó ń ta pósí àti àwọn tó ń sunkún. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yínmú. Ibi tí iṣẹ́ ẹni bá gbé ẹni dé la ti ń pàdé ènìyàn, iṣẹ́ Nolvia kò sì gbé e dé ibi tó dára ju ìyẹn lọ.

Nolvia ló dá Ilé Alábàárìn sílẹ̀. Bí wọ́n bá pa ọmọ ènìyàn, bí wọ́n bá fipá bá obìnrin lò pọ̀, bí ọkọ bá ṣá aya rẹ̀ ládàá, àwọn ará Ilé Alábàárìn ni yóò bá ẹni tí ọ̀ràn bá rìn: lọ sí ilé ìgbókùúsí, lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba, lọ sí kóòtù, lọ sí itẹ́ òkú. Òfin méjì ló wà níbẹ̀ tí wọn kì í rú. Ẹni tí ìbànújẹ́ bá kì í dá rìn. Òṣìṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ wà lápá òsì rẹ̀ kó di ìgúnpá rẹ̀ mú, nítorí Nolvia gbà pé apá òsì ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ fọ́ máa ń ṣubú sí. Òfin kejì, wọn kì í béèrè ẹni tó ṣe é. Ẹni tó bá mọ̀ kì í pẹ́ láyé ní àdúgbò wọn, ẹni tí wọ́n bá sì sọ fún náà ti mọ̀ nìyẹn.

Wẹ́dà ni Selvin Paguada, irin ojú fèrèsé ló ń jó. Osman àbúrò rẹ̀ ń ṣe kọ̀ndọ́ nínú bọ́ọ̀sì. Ẹni tó ni bọ́ọ̀sì kọ̀ láti san owó orí ogun tí àwọn ọmọ ìta ń gbà, ṣùgbọ́n wọn kò bá ẹni tó ni bọ́ọ̀sì wí. Wọ́n wọ inú ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan, wọ́n yìnbọn fún ẹni tó ń gba owó. Wọ́n yìn ín lójú, wọ́n yìn ín lọ́fun, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì dà lé àwọn ọmọ iléèwé tó jókòó níwájú lórí. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lórí òkú náà, kò sí ojú níbẹ̀ mọ́. Bàtà ni Selvin fi dá àbúrò rẹ̀ mọ̀. Kò sunkún. Ó kàn ń tẹ̀ sápá òsì díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ Nolvia sì ti wà níbẹ̀.

"Ṣé ẹ ò ní bi mí pé ta ló ṣe é ni?" Selvin béèrè nígbà tí wọ́n jáde sínú oòrùn.

"A kì í béèrè."

"Kí lẹ wá máa ń béèrè?"

"Bóyá ẹ ti jẹun."

Kò tíì jẹun. Nolvia ra baleada méjì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí ẹ̀wà àti wàrà ń yọ lẹ́tí wọn, wọ́n sì jẹ ẹ́ ní ìdúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn pósí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó mọ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Ìgbà òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé, Selvin kò dẹ́kun wíwá sí Ilé Alábàárìn. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ní òun wá dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní ilẹ̀kùn wọn kò lágbára. Ó tún ilẹ̀kùn ṣe, ó fi irin sí gbogbo fèrèsé, ó tún páìpù ṣe, ó tún àga ṣe.

"Ọ̀gbẹ́ni Selvin," ni Nolvia wí níkẹyìn, "kò sí nǹkan tó bàjẹ́ mọ́ nínú ilé yìí."

"Mo lè bà á jẹ́, kí n tún un ṣe."

Nolvia rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì bà á lẹ́rù. Ó pẹ́ tí ọkùnrin ti pa á lẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Lórí ibùsùn ló ti ń bá ara rẹ̀ jà: ṣé èmi ni ọkùnrin yìí fẹ́ràn, àbí ọwọ́ tó dì í mú lọ́jọ́ ibi? Ẹni tó ń rì sómi, igi tó bá kọ́kọ́ bá ọwọ́ rẹ̀ ló ń dì mọ́, ìyẹn kò ní kó fi igi ṣe ìyàwó.

Àdá ló dá ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin kan sá wá sí Ilé Alábàárìn, ọkọ rẹ̀ ti gé ìka méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọkọ náà fi tọpasẹ̀ rẹ̀ dé, àdá kan náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nolvia dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó mi dà?"

"Ẹ gbé àdá yẹn sílẹ̀, ká jókòó sọ̀rọ̀."

"Ìyàwó ni mo béèrè. N ò béèrè ọ̀rọ̀."

Ó ṣá a. Àdá la apá òsì Nolvia láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́, ó sì rí egungun ara rẹ̀, funfun báláú, ó yà á lẹ́nu pé ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà tún gbé àdá sókè, ṣùgbọ́n Selvin ti yọ láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú irin tó ń jó lọ́wọ́, tí ẹnu rẹ̀ ṣì pọ́n. Ó fi irin náà fọ́ ọ lọ́rùn ọwọ́, àdá já bọ́. Ó tì í bọ̀ ọ́ léjìká, òórùn ẹran jíjó gba ilé kan. Ó gùn ún láyà, ó ń lù ú lẹ́nu, eyín ń fò jáde pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró nígbà tí ọkùnrin náà kò mira mọ́.

"Selvin, ó tó."

Kò gbọ́.

"Selvin! Bó o bá pa á, ìyá ẹ̀ ni màá bá rìn lọ sílé òkú lọ́la, ìyá tìẹ ni màá bá rìn lọ sẹ́wọ̀n lọ́túnla. Apá kan ṣoṣo ló kù fún mi. Èwo nínú wọn ni kí n fi dì mú?"

Ọwọ́ Selvin dúró lókè. Ó wo obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi di apá náà.

Wọ́n ń rán ọwọ́ náà lọ́wọ́ ní ọsibítù nígbà tí Selvin ní, "Nolvia, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún mi, ìgbà yìí lo rí?"

"Ìgbà yìí ni o ò lè sá."

Nolvia rẹ́rìn-ín débi pé nọ́ọ̀sì bá a wí pé kó yé mira. Òótọ́ ni pé ọwọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn lójú rẹ̀ bà á lẹ́rù. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé ó fẹ́ràn ọwọ́ náà, kò sì purọ́ fún ara rẹ̀ mọ́. Ó fa ẹjọ́ Osman lé òṣìṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, kó tó gbà kí Selvin fẹnu kò ó lẹ́nu.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ìyá ọkọ pàdé rí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Onídìrí ni Doña Bertilia, ìyá Selvin, iwájú ilé rẹ̀ ní La Lima ló ti ń ṣiṣẹ́, irun tirẹ̀ sì dúró lórí rẹ̀ bí adé, kò sí afẹ́fẹ́ tó lè yẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tí Selvin mú Nolvia wá, àga tí wọ́n ti ń gẹrun ni ìyá náà fi jókòó lé, ó da aṣọ bò ó lọ́rùn, ó mú sísọ́ọ̀sì.

"Irun rẹ dára, ọmọ mi. Òórùn ilé òkú ló wà níbẹ̀."

"Mo fọ̀ ọ́ lánàá, Mà."

"Kì í ṣe èyí tí ọṣẹ ń fọ̀." Sísọ́ọ̀sì dún létí Nolvia. "Ọmọ méjì ni mo bí. Ọ̀kan ti wà nílẹ̀. Èyí tó kù, o fẹ́ sọ ọ́ di ọkọ obìnrin tí àdá ń wá délé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá yìnbọn fún ọ, jọ̀ọ́, ta ni yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ? Dá mi lóhùn."

Ohun tí Nolvia náà ń bi ara rẹ̀ nìyẹn.

Don Ovidio, ọkọ Doña Bertilia, yọjú láti inú ilé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ti lo ayé rẹ̀. "Bertilia," ló wí, "irun lo ní o fẹ́ gé. Má gé ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn."

"Ẹ̀yin ti gbà nìyẹn?"

"Èmi gbà. Ọmọ wa ti ń jẹun. Látìgbà tí Osman ti kú, ta ló tún mú kó jẹun? Ìwọ ni? Àbí èmi?"

Doña Bertilia gé irun náà tán. Ó gé e dáadáa, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gẹrun láìdáa.

Mélida, ìyá ìsàmì Selvin, ni wọ́n fi ṣe alárinà. Obìnrin yìí sanra, ó láwàdà, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Ó lọ bá Don Tulio, bàbá Nolvia, ní Loma Quemada, níbi tó ti ń tún aago ṣe. Nígbà tó padà dé, ó jókòó, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún òun lómi.

"Bàbá yẹn le ju aago ẹ̀ lọ. Mo sọ̀rọ̀ títí, ó ń wo aago. Ó wá ní, 'Ṣé bàbá ọmọ náà yadi ni?' Mo ní rárá. Ó ní, 'Ẹsẹ̀ ńkọ́?' Mo ní ẹsẹ̀ ẹ̀ pé. Ó ní, 'Ọmọ kan ṣoṣo ni ìyàwó mi fi sílẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kí bàbá rẹ̀ wá jókòó síwájú mi, kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.' Ó tán. Kọfí tó fún mi gan-an, kò ní ṣúgà."

Inú Don Ovidio dùn. Láàárọ̀, lálẹ́, ó ń kọ́ ohun tí yóò sọ: "Don Tulio, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní La Lima, n kò sì gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ olóko láìtọrọ rí. Ọmọ mi fẹ́ràn ọmọ yín. Mo wá tọrọ rẹ̀." Ìyàwó rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ ènìyàn ló ń lọ tọrọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń sọ.

Ọ̀rọ̀ wá ku ti Loma Quemada. Ọkọ̀ kì í wọ Loma Quemada pẹ̀lú gíláàsì sókè, alùpùpù kì í wọ ibẹ̀ pẹ̀lú akoto lórí ẹni tó ń gùn ún. Àwọn ọmọ ìta tó ń ṣọ́ ìwọlé, tí gbogbo ayé ń pè ní oníbodè, gbọ́dọ̀ rí ojú ẹni tó ń bọ̀. Ọkọ̀ tí ojú kò bá hàn nínú rẹ̀, ọ̀tá ló kún inú ẹ̀, ìbọn ni wọ́n fi ń kí i. Àlùfáà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta gáàsì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn mọ̀ ọ́n kó tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Bí ẹni ń mí ló rí fún Nolvia, ta ló sì ń rán èèyàn létí pé kó mí? Síbẹ̀ ó pe Selvin lórí fóònù ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

"Sọ fún wọn kí wọ́n yí gíláàsì wálẹ̀."

"Mo ti sọ ọ́. Bàbá ti gbọ́."

Ọjọ́ Ìsinmi ni. Nolvia wọ aṣọ òféèfèé, ó ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀, bàbá rẹ̀ ń nu àga tí kò dọ̀tí. Òjò ṣú, òjò bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìró dún nísàlẹ̀ òkè, ó dún gbà-gbà-gbà, ó sinmi, ó tún dún.

"Páànù ni," ni Don Tulio wí.

"Kì í ṣe páànù, Bàbá."

Nolvia mọ ìró ìbọn bí abiyamọ ṣe ń mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ti dé ìsàlẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun kò wọ bàtà. Ọkọ̀ náà ti forí sọ ògiri, fèrè rẹ̀ ń ké láìdákẹ́, nítorí iwájú orí Don Ovidio wà lórí fèrè. Ìbọn ti gbé apá kan àgbọ̀n rẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń tú lọ́rùn rẹ̀, ó ń dà sórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ fún un. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Mélida wà, apá rẹ̀ kan ń fì bí aṣọ lórí okùn, ó fi ìkejì di kéèkì mú lórí itan, ẹ̀jẹ̀ àti kíríìmù ti pò pọ̀. Kò láwàdà mọ́. "Ẹ gba kéèkì yìí lọ́wọ́ mi," ló ń wí, "ẹ gbà á, ó wúwo." Ẹ̀yìn ni Doña Bertilia jókòó sí. Ọta kò bà á rárá. Gíláàsì tó fọ́ ń dán nínú irun rẹ̀, irun náà kò sì yẹ̀.

Nolvia kò fẹ́ wo gíláàsì náà, ojú rẹ̀ wò ó fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ ìbátan ni, gíláàsì rẹ̀ dúdú. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ Don Ovidio nìkan ló wà nílẹ̀, òjò ń wọlé láti ibẹ̀. Àwọn yòókù ti fọ́ dà sínú ọkọ̀, èyí tó wà lókè ló sì máa ń fọ́. Ohùn kan sọ̀rọ̀ láti orí òrùlé, pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń sọ iye tí búrẹ́dì jẹ́: "Gíláàsì wà lókè."

Selvin ti ṣáájú wọn wọlé lórí alùpùpù, láìdé akoto, ó ti juwọ́ sí àwọn oníbodè pé ará òun ló ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó sáré padà. Ó gbá bàbá rẹ̀ mú, ó pè é, ó mì í, orí Don Ovidio sì ṣubú sí ibi tí orí kì í ṣubú sí. Selvin fa irin jáde lábẹ́ alùpùpù, ó kọjú sí òrùlé. Nolvia dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

"Fi mí sílẹ̀."

"Wọn yóò pa ọ́."

"Mo ní kó o fi mí sílẹ̀!"

Ó wọ́ ọ nínú ẹrẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tá a láyà, ó tún wọ́ ọ. Nolvia kò rí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kankan sọ lọ́jọ́ yìí. Ó kàn dì í mú. Ìyá rẹ̀ ló pè é láti inú ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, "Selvin," bí ẹni pé oúnjẹ ti dé ilẹ̀. Irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé ìgbókùúsí kan náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Nolvia dúró sápá òsì Doña Bertilia, ó na ọwọ́ sí ìgúnpá rẹ̀. Ìyá náà yí padà, ó gbá a létí.

"Má fọwọ́ kàn mí. Ìwọ lo fà á. Mo sọ ọ́, mo sọ pé òórùn òkú wà lára rẹ."

Nolvia kò kúrò. Ó ń rìn lápá òsì rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ, eékún ìyá náà yẹ̀, Nolvia sì gbé e kó tó kanlẹ̀. Bó ti nàró tán, ó tún gbá a létí. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ Nolvia, ojú tì wọ́n fún un. Ojú kò ti òun. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ju ìgbájú lọ: fóònù kan ṣoṣo ni mo pè. Àwọn obìnrin tí mo ń bá rìn, mo máa ń wí fún wọn títí etí wọn yóò fi di. Bàbá tó ń bọ̀ wá tọrọ mi, n kò pè é fúnra mi.

Selvin wá lẹ́yìn ìsìnkú. Irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀.

"Má wá mọ́, Selvin."

"Kí ló dé?"

"Bí mo bá ti rí ọ, gíláàsì ni mo ń rí."

"Èmi náà ń rí i. Ṣé ká máa rí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni?"

"Ìyá rẹ ti sin ẹni méjì. N kò ní jẹ́ kí o di ẹ̀kẹta. Lọ sílé."

Ó ti ilẹ̀kùn tí Selvin fúnra rẹ̀ jó. Ó lágbára gan-an ni ilẹ̀kùn náà. Nolvia jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì sunkún bí kò ṣe sunkún rí láti ọjọ́ tó ti dá ilé náà sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n parí àdúrà òkú ní La Lima, Doña Bertilia wá sí Ilé Alábàárìn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì láàárín àwọn obìnrin yòókù, ó ń dúró de ìgbà tí yóò kàn án. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi okùn pa. Èyí tó tẹ̀ lé e kò ní ìka méjì. Nígbà tó kàn án, ó wọlé, ó fi irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tò dáadáa jókòó síwájú Nolvia.

"Wọ́n ní ẹ kì í béèrè ẹni tó ṣe é níbí."

"A kì í béèrè, Mà."

"O rí gíláàsì lọ́jọ́ náà. Mo rí ojú rẹ nígbà tó rí i. O gba ìgbájú mi lẹ́ẹ̀mejì, o ò sọ ọ́."

Nolvia ti ìwé iwájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ovidio ti yí gbogbo gíláàsì wálẹ̀ láti orí afárá. Òjò wá dé. Mo ní, 'Ovidio, irun mi.' Ó ní, 'Bertilia, wọ́n ní ká má ṣe bẹ́ẹ̀.' Mo ní ẹni tó ń lọ pàdé àna kì í lọ bí adìyẹ tó bọ́ sómi. Mo yí tèmi sókè, mo ní kí Mélida yí tirẹ̀. Ovidio fi tirẹ̀ sílẹ̀. Òjò ń pa á, ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín." Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú irun náà báyìí, ó ń fà á. "Èmi ni mo pa ọkọ mi."

"Rárá, Mà," ni Nolvia wí. Ohun tó máa ń sọ fún gbogbo wọn ló sọ. "Ẹni tó yìnbọn ló pa á."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lo ń sọ fún ara rẹ?"

Nolvia gbójú sókè wò ó. Ó ti sọ gbólóhùn yẹn fún àìmọye obìnrin, kò sì tíì sọ ọ́ fún ara rẹ̀ rí. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Selvin dìde, ó yí tábìlì ká, ó dúró sápá òsì rẹ̀, ó di ìgúnpá rẹ̀ mú, níbi tí àpá àdá ti bẹ̀rẹ̀.

"Mo bi ọ́ nígbà kan pé ta ni yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Dìde. Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu mi tí kì í ṣe tèmi. Mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ."

"Òjò ń bọ̀, Mà."

"Mo rí i."

Selvin wà ní ìta nínú ọkọ̀, nítorí Nolvia ti ní kó má wá mọ́, kò sì wọlé lóòótọ́. "N ò wá," ló wí nígbà tó rí i. "Ìyá mi ni mo gbé wá." Nolvia fẹ́ bínú, kò rí ìbínú náà. Ó jókòó sẹ́yìn, sápá òsì ìyá Selvin.

Òjò bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀ Loma Quemada. Gbogbo gíláàsì wà nílẹ̀. Omi ń wọlé lọ́tùn-ún lósì, ó ń na Doña Bertilia lójú, irun náà sì kọ́kọ́ tẹ̀, ó rọ̀, ó wá lẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Kò gbé ọwọ́ sí i. Oníbodè kan jáde sí eteetí ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo inú ọkọ̀. Doña Bertilia yí ojú sí i, ó jẹ́ kó wò ó dáadáa, òun náà sì wò ó. Ọkọ̀ ń falẹ̀. Nolvia rí ọwọ́ Selvin lórí ìdarí ọkọ̀, bó ṣe le tí iṣan rẹ̀ yọ. Ó na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó gbé e lé e léjìká. Selvin mí. Ọkọ̀ gun òkè.

Don Tulio ṣí ilẹ̀kùn, ó rí obìnrin tí òjò ti pa rin, ó sì mọ ẹni tó jẹ́.

"Èmi ni mo ní kó wá fúnra rẹ̀, Mà. Ká ní mo gba ọ̀rọ̀ Mélida ni—"

"Ẹni tó yìnbọn ló pa á, Don Tulio. Ẹ jókòó."

Ó jókòó. Òun náà jókòó síwájú rẹ̀, lórí àga tí wọ́n ti nù fún ọkọ rẹ̀, omi ń kán láti irun rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan bí Don Ovidio ṣe máa ń ṣe.

"Don Tulio," ló wí, "ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní La Lima, n kò sì gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ olóko láìtọrọ rí. Ọmọ mi fẹ́ràn ọmọ yín. Mo wá tọrọ rẹ̀."

Selvin ti bo ojú. Nolvia wo bàbá rẹ̀, ó rí i pé òun fẹ́ kó gbà, òun fẹ́ ẹ pẹ̀lú gbogbo ẹ̀mí òun, ẹ̀rù àti gbogbo rẹ̀. Don Tulio dìde, ó ṣí fìlà lórí.

"Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀," ló wí, ó sì lọ mú aṣọ ìnura wá fún àna rẹ̀.